Kí Ọmọ Tó Mọ Ọ̀nà Ilé-Ìwé

Ọmọ mi, jókòó kí o fara balẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ọmọ ni, ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ nínú ilé, tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún, tí o ti ń da ara rẹ láàmú lé lórí pé jẹ́lé-ó-sinmi wo ni kí o mú un lọ, èwo ni wọ́n ti ń sọ òyìnbó jù, èwo ni wọ́n ti ń tètè fi pẹ́ńsùlù lé ọmọ lọ́wọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi náà kò lè máa wo ẹ̀yin òbí ìsinsìnyí, ní Ọ̀wọ̀ níhìn-ín àti káàkiri ilẹ̀ Ọ̀sẹ̀ títí dé Ifọ́n àti Ìdóàní, kí ẹ máa sá kiri àdúgbò wá ohun tí ó ti wà lábẹ́ òrùlé yín, kí n sì pa ẹnu mọ́. Ẹ̀kọ́ ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó mọ ọ̀nà ilé-ìwé, ọ̀dọ̀ rẹ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ ibi tí ìkánjú yìí ti wá, n kò dá ọ lẹ́bi. Àwa ará Ọ̀wọ̀ ti fẹ́ràn ilé-ìwé tipẹ́. Ìlú yìí ni wọ́n ti kéde ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1951, ọmọ ìlú yìí náà sì ni Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin, tí a bí ní 1908, tí ó di ọ̀gá ilé-ìwé Imade College ní 1947, tí ó sì kọ àbá ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ẹgbẹ́ náà gbé lọ sí ìjọba. Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò náà jákèjádò ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 457,000, wọ́n di 811,000 láàárín ọdún kan péré. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ẹ̀kọ́ níwájú wa, ilé-ìwé ni ọkàn wa máa ń sáré lọ bá, a ó wá máa rò pé bí a bá ti san owó, tí a ti rán aṣọ, tí a ti ra báàgì, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́rùn wa.

Ṣùgbọ́n wò ó, ọmọ mi, àwọn ọmọ tí wọ́n wọ kíláàsì àkọ́kọ́ ní 1955 yẹn kò wọ ibẹ̀ lófo. Wọ́n ti mọ bí a ṣe ń kí baba àti bí a ṣe ń kí ìyá, wọ́n mọ orúkọ ewé àti ti ẹyẹ, wọ́n ti ka ọmọ ayò, wọ́n ti jókòó ti ìyá àgbà ní alaalẹ́ títí wọ́n fi mọ̀ pé ìtàn ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin, wọ́n ti jíṣẹ́ láti ilé kan sí èkejì láì gbàgbé ọ̀rọ̀ kan. Tíṣà kàn bá gbogbo rẹ̀ nílẹ̀ ni, ó sì kọ́lé lé e. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àwọn tí ó sì kó ẹ̀ṣọ́ yẹn fún wọn, púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kọ, wọn kò mọ̀ ọ́n kà.

Lónìí, ẹ̀ṣọ́ náà ń tán nínú ilé, ilé-ìwé kò sì lè rọ́pò rẹ̀. Àjọ UNICEF sọ fún wa pé nínú ọmọ mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún méje sí mẹ́rìnlá ní Nàìjíríà, mẹ́ta kò lè ka gbólóhùn kékeré kan kí ó sì yé wọn. Ìwádìí kan tí ìjọba àpapọ̀ àti àjọ náà jọ ṣe ní 2016 sí 2017 sì fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún, àwọn tí ó ní ìwé ọmọdé mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé kò tó mẹ́wàá. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ó dùn mí wọnú egungun, nítorí mo ti lo ọdún púpọ̀ nínú kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké, mo sì mọ ojú ọmọ tí ìwé kò ṣàjèjì sí, mo mọ ojú èyí tí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ mi ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìwé.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lórí èdè, torí òun ni ó ń kó ìpayà bá ẹ̀yin òbí jù. O rò pé bí o bá ń sọ Yorùbá sí ọmọ, òyìnbó yóò lé e sẹ́yìn. Ọmọ mi, wọ́n ti dán ọ̀ràn yìí wò lórí ilẹ̀ wa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, gbogbo rẹ̀ pátá, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ wọn wò, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ni ó ṣáájú, Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò sì gbẹ́yìn níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ọmọ tí ó ti mọ ohun tí à ń pè ní iwájú àti ẹ̀yìn, tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín nǹkan tí ó wúwo àti èyí tí ó fúyẹ́, tí ó lè sọ ìdí tí òjò fi ń rọ̀ tàbí ìdí tí adìẹ fi ń sáré, orúkọ òyìnbó nìkan ni ó kù tí yóò kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní nǹkan kan nínú láti sọ, èdè méjì kò lè ràn án lọ́wọ́.

Láti 1977 ni ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ti sọ pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí a fi kọ́ ọmọ tí kò tí ì dé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fẹ ọ̀rọ̀ náà dé ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n tún pa á tì, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọkàn mi kò dùn sí ìpadàsẹ́yìn yẹn, mo sì sọ ọ́ láì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, kò sí òfin tí ó wọ inú ilé rẹ ní ìrọ̀lẹ́. Ọwọ́ rẹ ni ilé rẹ wà. Bí ẹ bá ń sọ Ọ̀wọ̀ nílé, ẹ sọ ọ́. Bí ìyá ọkọ rẹ bá ń sọ ti Ifọ́n, kí ó sọ ọ́. Bí o bá jẹ́ ará Ìdóàní tí ó gbọ́ èdè Ìyàyú, má jẹ́ kí ojú tì ọ́ láti fi pe ọmọ rẹ. Yorùbá inú ìwé yóò bá a níbẹ̀ bí àkókò bá tó. Ohun tí n kò fẹ́ rí ni òbí tí ó ń já òyìnbó tí kò dá a lójú sí ọmọ létí, "come", "sit down", "don't do that", tí ọ̀rọ̀ inú ilé sì wá di àṣẹ mẹ́ta mẹ́ta, tí kò sí ìtàn mọ́, tí kò sí àlàyé, tí kò sí ẹ̀rín.

Nítorí ọ̀rọ̀ ni oúnjẹ ọpọlọ ọmọ, ọ̀rọ̀ tí a sì ń bá a sọ ni mo ń wí, kì í ṣe èyí tí à ń sọ lé e lórí. Bí o bá ń ṣa ẹ̀wà, sọ ohun tí ò ń ṣe fún un: èyí ní kòkòrò, a ó yọ ọ́ kúrò, èyí dára, a ó jù ú sínú abọ́. Bí o bá gbé e sẹ́yìn lọ sí Ọjà Ọba, jẹ́ kí ó gbọ́ bí o ṣe ń nájà, sọ orúkọ ohun tí ẹ bá kọjá, bi í pé èwo ni ó tóbi nínú iṣu méjì yìí. Ìwọ tí o ń lọ sóko láàárọ̀, ọ̀nà oko jìn, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Bí ọmọ bá béèrè ohun kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ọmọ tí a bá sì ti jágbe mọ́ pé "ìbéèrè rẹ ti pọ̀ jù", yóò dákẹ́ lóòótọ́, yóò sì dákẹ́ níwájú tíṣà pẹ̀lú.

Àlọ́ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí náà gbà mí láàyè kí n pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí iná bá lọ ní alẹ́, tí ó sì máa ń lọ, má sáré sí fóònù. Jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí o ké àlọ́ kí àwọn ọmọ gbè é. Àlọ́ àpamọ̀ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, torí ó kúrú, ó sì ń jí ọpọlọ: bí a bá sọ fún ọmọ pé ìyá kan bí igba ọmọ, gbogbo wọn sì lé tìróò, ọmọ yóò ro tìróò, yóò ro ojú dúdú, yóò ro ohun tí ó pọ̀ tí ó sì jọra, títí ojú rẹ̀ yóò fi bọ́ sórí ẹ̀wà tí ẹ ṣà láàárọ̀. O rí i? Ọmọ ọdún mẹ́rin ti kọ́ láti fi nǹkan kan wé òmíràn, kò sì mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni òun ń kọ́. Lẹ́yìn náà ni kí o wá pa àlọ́ onítàn, ti Ìjàpá àti Yánníbo, èyí tí ó ní orin tí àwọn ọmọ yóò máa gbè, nítorí orin náà ni ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ìtàn dé. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, sọ pé ó rẹ̀ ọ́, kí ọmọ pa á fún ọ. Yóò fo ibì kan, yóò da ìdí rẹ̀ sí orí. Má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ṣáà máa bi í pé, "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Ìbéèrè kékeré yẹn yóò fà á padà sójú ọ̀nà ju àtúnṣe ogún lọ.

Àwa tí a wà ní Ọ̀wọ̀ tilẹ̀ ní ìtàn tí ìlú mìíràn kò ní. Sọ fún ọmọ rẹ nípa Ọ̀rọ́nsẹ̀n, aya ọba wa àtijọ́, Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ̀n, obìnrin arẹwà tí ó ní èèwọ̀ mẹ́ta: a kò gbọdọ̀ lọ ilá níwájú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá, ẹni tí ó ti oko dé kò sì gbọdọ̀ ju igi ìdáná sílẹ̀ lójú rẹ̀. Sọ bí àwọn orogún rẹ̀ ṣe ba èèwọ̀ náà jẹ́, tí ó fi bínú fi ààfin sílẹ̀, kí o sì dúró níbẹ̀ kí o bi ọmọ pé kí ni ó rò pé ọba yóò ṣe. Nígbà tí ọdún Igogo, tí a fi ń rántí rẹ̀, bá dé ní oṣù kẹsàn-án, mú un lọ wò ó. Yóò rí i pé Ọlọ́wọ̀ di irun bí obìnrin, ó wọ ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, yóò rí i pé kò sí ìlù, agogo ni wọ́n ń lù, àti pé ọkùnrin kò dé fìlà, obìnrin kò wé gèlè. Ojú rẹ̀ yóò là kedere. Yóò máa bi ọ́ pé kí ló dé. Dá a lóhùn, kí ẹ padà délé kí o fún un ní ṣọ́ọ̀kì kí ó ya ohun tí ó rí sílẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá yà, ìlà méjì pẹ̀lú òbìrípo kan, ìtàn Ọ̀rọ́nsẹ̀n ni. Kí o tún mú un wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú yìí, tí a dá sílẹ̀ ní 1968, kí ó rí ohun tí ọwọ́ àwọn baba wa ṣe.

Ó wá ku ìwé. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó rò pé ìwé ọmọdé jẹ́ ohun tí a óò kà láti òkè délẹ̀ kí ọmọ sì dákẹ́ gbọ́. Ọ̀nà tí ó dára jù yàtọ̀ sí ìyẹn. Gbé ọmọ sí itan, jẹ́ kí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ṣí ìwé. Fi ìka tọ́ka sí àwòrán, kí o bi í pé kí ni ó rí. Bí ó bá ní "ajá", má kọjá lọ. Sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, ajá dúdú ni, ó ń lé ewúrẹ́", kí o sì jẹ́ kí ó tún un sọ. Bi í pé kí ló dé tí ó fi ń lé e. Bi í bóyá ẹ ti rí irú ewúrẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ní ilé ta ni? Kí o wá dúró, kí o dúró pẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ máa ń pẹ́ kí ó tó jáde, àgbàlagbà aláìnísùúrù sì ń já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Ní 1988, Grover Whitehurst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ́ àwọn òbí kan tí ọmọ wọn wà ní nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta láti máa ka ìwé àwòrán báyìí, pẹ̀lú ìbéèrè, kí wọ́n má kàn máa kà á lọ. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti fi oṣù mélòó kan ṣáájú ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí àwọn òbí tiwọn ń kàwé fún bí wọ́n ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀.

O lè sọ pé, "Màmá, Amẹ́ríkà nìyẹn, èmi kò kàwé, ìyá mi tí ó ń bá mi tọ́mọ kò sì mọ A yàtọ̀ sí B." Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń dúró dè nìyẹn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, nítorí náà jẹ́ kí a lọ sí Kẹ́ńyà, sí àwọn abúlé àwọn Luo ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Àwọn olùwádìí kó ìwé ìtàn alálàwòrán, tí a kọ ní èdè Luo, tí ìtàn inú rẹ̀ sì jọ ayé wọn, fún àwọn òbí tí ó ní ọmọ tí kò tí ì wọ ilé-ìwé, wọ́n sì kọ́ wọn bí a ṣe ń bi ọmọ léèrè lórí àwòrán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí náà kò mọ̀wé. Èsì rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020 fi hàn pé àwọn ọmọ náà mọ ọ̀rọ̀ sí i, àwọn ọmọ tí òbí wọn kò mọ̀wé sì jèrè rẹ̀, ó kéré tán, bí àwọn ọmọ tí òbí wọn mọ̀wé. Ní apá ibì kan, èrè tiwọn tilẹ̀ pọ̀ jù. Mo ka èyí, inú mi dùn dé ibi tí mo fi dìde dúró. Ìyá tí kò mọ̀wé kà mọ àwòrán wò, ó mọ ìtàn sọ, ó mọ ìbéèrè bi. Kò sí ohun mìíràn tí ìwé àwòrán ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Níbo ni o ti fẹ́ rí ìwé? Aláwíyé ti J. F. Ọdúnjọ ṣì wà lọ́jà, bí ọmọ bá sì ti sún mọ́ ọdún márùn-ún, ìwé kìíní rẹ̀ dára fún un. Táíwò àti Kẹ́hìndé ti D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ wa yìí, mo mọ àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ṣì tọ́jú tiwọn; bí o bá mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, lọ tọrọ rẹ̀. Àkójọpọ̀ àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá ṣe, ìwọ fúnra rẹ ni kí o kà á, kí o sì wá pa á fún ọmọ lẹ́nu. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, African Storybook tí àwọn ará South Africa dá sílẹ̀ àti StoryWeaver ti àwọn ará Íńdíà ní ìwé àwòrán ní Yorùbá, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí owó kò bá sí rárá, ẹ ṣe ìwé tiyín. Gé páálí, gé bébà, fi òwú rán an láàárín. Jẹ́ kí ọmọ ya àwòrán sí ojú ewé kan, bi í pé kí ni èyí, kí o sì kọ ohun tí ó sọ sábẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ó ṣe sọ ọ́. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n kọ, àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga kún àdúgbò, wọn yóò bá ọ kọ ọ́. Nígbà tí a bá ka ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà fún un láti inú bébà, yóò mọ̀ lọ́jọ́ náà ohun tí ìwé jẹ́. Bí ó bá sì fẹ́ gbọ́ ìwé kan náà ní alaalẹ́ fún oṣù kan, kà á fún un. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

Ti ìṣirò kò ní gùn, àmọ́ ó wù mí. Ọpọ́n ayò ní ihò méjìlá, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Má fi òfin eré náà dá ọmọ ọdún mẹ́rin lágara. Fún un ní ọmọ ayò mẹ́ta péré, kí ó máa sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ihò kọ̀ọ̀kan, kí ó máa kà á sókè bí ó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ tí ó le jù nínú oǹkà fún ọmọdé nìyẹn, pé orúkọ kan jẹ́ ti nǹkan kan, kí ó má ka ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì, kí ó má sì fo òmíràn. Bí ó bá dàgbà sí i, oǹkà wa fúnra rẹ̀ yóò kọ́ ọ ní àròpọ̀ àti àyọkúrò: mọ́kànlá títí dé mẹ́rìnlá, orí mẹ́wàá ni a ń lé e sí, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí dé mọ́kàndínlógún, ara ogún ni a ń yọ ọ́ kúrò. Jẹ́ kí ó pín ọsàn fún àwọn ará ilé. Jẹ́ kí ó fi kóńgò bu gààrí kí ó sì rí iye abọ́ tí yóò kún. Ọmọ tí ó bá ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sídìí igbá ọjà ń kọ́ ìṣirò tí owó ilé-ìwé kò lè rà.

Ní ti ìwé kíkọ, dákun, má fi pẹ́ńsùlù jẹ ọmọ ọdún mẹ́ta níyà. Mo ti rí ọmọ tí ó ń sunkún lórí lẹ́tà tí ìka rẹ̀ kò tí ì lágbára láti dì mú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Fún un ní ẹ̀pà kí ó bó, fún un ní ẹ̀gúsí kí ó pa, kí ó sín ìlẹ̀kẹ̀, kí ó fi amọ̀ mọ ewúrẹ́, kí ó fi ìka kọ nǹkan sórí iyẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ìka tí ó bá ti ṣe gbogbo èyí, yóò kọ lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí Yorùbá ní láì sí ẹkún.

Fóònù ńkọ́? N kò sọ pé kí o sọ ọ́ nù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé ọmọ tí kò tí ì pé ọdún méjì kò ní ohun tí ó ń wò lójú ẹ̀rọ, àti pé láti ọdún méjì dé mẹ́rin, kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, bí ó bá sì kéré sí bẹ́ẹ̀, ó dára jù. Kátọ́ọ̀nù kì í dúró gbọ́ èsì ọmọ. Ohun tí mo fẹ́ kí o fi fóònù ṣe ni kí o gba ohùn ìyá rẹ sílẹ̀ bí ó bá ń pa àlọ́, torí ọjọ́ ń lọ.

Ẹ̀yin bàbá, mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ ń rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Ẹ máa ń sọ pé ọmọ tí ó dára ni ti baba. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ wá gbé e sí itan nígbà tí ó ṣì ń tọ̀ sí itan. Bàbá tí ó ti oko tàbí ibi iṣẹ́ dé, tí ó fi ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ ṣí ìwé àwòrán pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kí oúnjẹ tó jiná, ohun tí ó ṣe kò kéré, ọmọ ọkùnrin tí ó bá sì ń rí ìwé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kì í pe ìwé ní ohun obìnrin.

Má fi ọmọ rẹ wé ọmọ aládùúgbò. Ọ̀kan yóò tètè sọ̀rọ̀, ọ̀kan yóò pẹ́, Ọlọ́run tí ó dá wọn ló mọ ìdí. Kìkì pé bí o bá pè é tí kò yíjú, tàbí tí ó pé ọdún méjì tí kò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, má dúró de ẹnikẹ́ni tí yóò sọ pé yóò sọ̀rọ̀ bópẹ́bóyá; gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ níhìn-ín, kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, nítorí ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa, gbogbo àlọ́ tí mo ti ń sọ yìí kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìsinmi gígùn sì ń bọ̀ lọ́nà, ọmọ náà yóò sì lọ lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ifọ́n. Nígbà tí o bá ń di ẹrù rẹ̀, fi ìwé àwòrán méjì sí abẹ́ aṣọ rẹ̀, èyí tí ẹ rà àti èyí tí ẹ fi páálí ṣe. Bí ìyá àgbà bá ní òun kò mọ̀wé, sọ fún un pé o mọ̀ bẹ́ẹ̀, pé kí ó ṣáà máa bi ọmọ pé kí ni ó rí nínú rẹ̀, kí ó sì máa sọ tirẹ̀ náà.